Ọkọ̀ Tí Ìyá Ìyàwó Wọ̀n

Gbogbo àdúgbò ló mọ mẹkáníìkì kan sí Ẹ́ńjìnì. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àìsàn tí ọkọ̀ lè ṣe tí kò ní kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí táyà bá jò, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò pa dé, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yọjú wo ẹ́ńjìnì ná. "Ọkàn ọkọ̀ ni," ni yóò máa wí. "Bí ọkàn bá ti dáa, gbogbo ara á gbọ́ tirẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ sì dáa, ẹnikẹ́ni ò lè jà á níyàn lórí ìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń wú ikọ́ bọ̀ láti òpin àdúgbò, á ti mọ ibi tó ń dùn ún kó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ìdíje wọn, Dírẹ́bà ni tilé-tòde ń pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó ọmọ iléèwé ló ń wà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sórí àwo. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í sáré. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, tí wọ́n bá ti ọ̀nà òkè ẹ̀yìn ìlú pa fún ìdíje, ẹlòmíì á kàn bọ́ sínú awọ rẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkọ̀ máa ń gun òkè náà. Kọ́nà mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí kálukú fi dé òkè. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè.

Lọ́dún tó kọjá, ipò kẹsàn-án ni wọ́n mú nínú ọkọ̀ mẹ́rìnlá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá méjìlélógún ni Dírẹ́bà fi gun òkè. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìsàlẹ̀ òpópónà, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Búlúù nítorí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ló wá bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ́ńjìnì, ìyàwó rẹ mọ ọkọ̀ wà o. Àfi kó o bá wa fún ẹ́ńjìnì rẹ lọ́pàá tí á máa fi rìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹ́ńjìnì lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Odindi ọdún ló fi wá ẹ́ńjìnì tó lágbára ju tiwọn lọ, ó sì rí ọ̀kan yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n ti pa tì. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, dúdú, rọ̀bọ̀tọ̀, bí àlejò tó ń retí kí wọ́n fún òun ní yàrá. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá Dírẹ́bà dé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, dókítà sì ní kí wọ́n má dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ohun tó wúwo. Dírẹ́bà tún yàrá ẹ̀yìn ṣe fún wọn. Ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀ gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ̀rù wọn ń bà á díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wọn, kò tíì mọ ohun tí èèyàn ń bá wọn sọ. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọn ẹrù kó tó wọ bàálù. Àwọn ló ń sọ èyí tó máa lọ, èyí tó máa dúró, àti ibi tí wọ́n máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kí imú bàálù má bàa wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá jáde sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, pẹ̀lú awò dúdú lójú. Wọ́n dúró síwájú ẹ́ńjìnì orí ilẹ̀ náà.

"Kí lèyí, ọkọ ọmọ mi?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ́ńjìnì tuntun ni. Inú ọkọ̀ Dírẹ́bà la fẹ́ fi í sí. Agbára rẹ̀ ju tàtijọ́ lọ dáadáa."

"Ó dáa. Kílò mélòó ni?"

Ẹ́ńjìnì họ orí. "Ó wúwo, Màmá. Èèyàn mẹ́rin la fi gbé e."

"Èèyàn mẹ́rin kì í ṣe ìwọ̀n. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kílò mélòó lòun?"

Ẹ́ńjìnì wo ọkọ̀ náà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́wàá. Kò sí bóòtù kan lára rẹ̀ tí kò tíì tú, tí kò tíì dè. Ó mọ èyí tó máa ń ké nígbà òjò, ó mọ èyí tó máa ń le nígbà ọyẹ́. Àmọ́ ìbéèrè yìí, kò sí ẹni tó bi í rí, òun náà ò sì bi ara rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Màmá ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu kàn yà wọ́n ni, bí ẹni gbọ́ pé ẹnì kan ò mọ ọjọ́ orí ọmọ tó bí. "O ò mọ̀," ni wọ́n wí. "O fẹ́ kó gun òkè kíákíá, o ò sì mọ ohun tó ń gbé gun òkè."

Ó fẹ́ fèsì pé ọkọ̀ kì í ṣe bàálù. Ó gbé e mì. Ìyá ìyàwó kì í ṣe ẹni téèyàn ń bá jiyàn láàárọ̀ kùtù.

Ìgbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán ló ráhùn fún ìyàwó rẹ̀. Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ gbé ohunkóhun fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ wọ̀n ọ́n." Ó fa òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ́ńjìnì mú sípánà kan jáde lápò. Màmá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Gíráàmù igba àti àádọ́ta, ó lé díẹ̀." Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: igba àti àádọ́ta, ó lé mẹ́wàá. Ó mú àgádágodo wá, ó mú tẹlifóònù rẹ̀ wá, ó mú ìdajì búrẹ́dì. Kò sí èyí tí Màmá ṣì tó gíráàmù ogún. Ó wá bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà, wọ́n sì yí bàtà náà dà wo ìdí rẹ̀.

"Gírísì tó lẹ̀ mọ́ ọn ló tàn mí jẹ," ni wọ́n wí. "Èyí kì í ṣe bàtà mọ́, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lo gbé wọsẹ̀."

Ẹ́ńjìnì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Màmá, báwo lèèyàn ṣe ń wọn odindi ọkọ̀?"

Ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní òdìkejì títì ló yá wọn ní òṣùwọ̀n mẹ́rin, èyí tó fi ń wọn àpò. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n ti òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màmá jókòó lórí àga, wọ́n ń ka iye tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí wọ́n rò ó pọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kílò ó dín ọgọ́ta. Ẹgbẹ̀ta nínú rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ iwájú.

"Ọmọ mi," ni Màmá pe Dírẹ́bà, "tó o bá yíwọ́ ọkọ̀ yìí ní kọ́nà, ṣé kì í kọ̀?"

Dírẹ́bà fò dìde. "Ó máa ń kọ̀! Màá yíwọ́, imú ẹ̀ á ṣì máa lọ tààrà bí ẹni tí ò gbọ́ tèmi. Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Òṣùwọ̀n ló sọ fún mi. Imú ẹ̀ wúwo. Ọkọ ẹ sì tún fẹ́ gbé irin míì sí i nímú."

Ẹ́ńjìnì yíjú wo ẹ́ńjìnì dúdú tó jókòó sórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pe èèyàn mẹ́ta, wọ́n gbé e jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi tapólì bò ó.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe ìdíje náà kò gbà kí ọkọ̀ kankan fúyẹ́ ju ẹgbẹ̀rin kílò lọ. Màmá ní kí wọ́n má sún mọ́ ọn jù, kí òṣùwọ̀n ẹlòmíì má bàa dá wọn lẹ́bi. Ẹgbẹ̀rin ó lé ogún ni wọ́n fi ojú sí. Ìyẹn ni pé ọgọ́fà kílò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí Ẹ́ńjìnì rò pé kò gbé nǹkan kan.

Ìjókòó ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bá a gun òkè. Táyà ìpamọ́ àti jáàkì tẹ̀ lé e. Kápẹ́ẹ̀tì rọrùn láti yọ, àmọ́ nígbà tí Ẹ́ńjìnì fa fóòmù abẹ́ rẹ̀, ó mu omi òjò ọdún mẹ́wàá, omi sì ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Abẹ́ fóòmù ni ọ̀dà dúdú kan wà, tó nípọn bí ìka, tí wọ́n fi lẹ ilẹ̀ ọkọ̀ kó má bàa máa pariwo. Òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù bá ti mú un gan, ni Ẹ́ńjìnì máa ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ. Ọ̀dà yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjìdínlógún. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Màmá ò fọwọ́ kan ohun tó wúwo. Àmọ́ ohun gbogbo tó bá jáde lára ọkọ̀, iwájú wọn ló ń gbà kọjá. Wọ́n á wo òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi Ẹ́ńjìnì: "Iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe?" Tí kò bá rí èsì, nǹkan náà lọ nìyẹn. Iṣẹ́ wo ni rédíò ń ṣe? Kò ṣe nǹkan kan, ó ti kú tipẹ́. Wáyà tó lọ sídìí rédíò ńkọ́? Fèrèsé ẹ̀yìn tó jẹ́ gíláàsì, ṣé rọ́bà líle tó mọ́ gaara ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Wọ́n rí ṣíbí kan, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, àti òkúta wẹẹrẹ tó ti kó sínú ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kún ike kékeré kan. Màmá wọn òkúta náà pẹ̀lú.

Ẹ́ńjìnì, ẹni tó rò pé òun mọ ọkọ̀ yìí bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀, wá ń rí i bí ẹni wọ ilé àjèjì. Ohun tó sì yà á lẹ́nu jù ni bí Màmá ṣe máa ń ní sùúrù. Wọn kì í kanra, wọn kì í yangàn. Bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ wo fóòmù tó rin, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fara balẹ̀ wo bóòtù kan tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà míì, á dúró sẹ́yìn wọn, á kàn máa wo ọwọ́ wọn tó ń kọ iye sílẹ̀, roboto, roboto, láìpa èyíkéyìí rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, òun náà ní ohun tó fi kọ́ wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù. Irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Màmá wo òṣùwọ̀n, wọ́n ní, "Kílò méjì péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó tó nǹkan?"

"Ó tó nǹkan gan-an, Màmá. Ohun tó ń yí kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tó jókòó. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á tì í lọ síwájú, á sì tún máa yí i. Tẹ́ ẹ bá yọ kílò kan lára ẹsẹ̀, ó dà bíi pé ẹ yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ìjókòó."

Màmá yọ awò wọn, wọ́n wò ó pẹ̀lú ojú méjèèjì. "Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ bàálù kì í pẹ́ nílẹ̀." Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Inú Ẹ́ńjìnì dùn débi pé kò lè jẹun tán lọ́jọ́ náà.

Ayọ̀ yẹn ló jẹ́ kó ṣe àṣejù lẹ́nu. Níbi oúnjẹ alẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń nawọ́ sí búrẹ́dì kẹta, ó ní, "Dírẹ́bà mi, ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo wa là ń dín kù o."

Dírẹ́bà gbé búrẹ́dì náà sórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun, ó kà á, ó sì gbé e sẹ́nu. "Ikùn yín tó ń ṣíwájú yín wọ ilé yẹn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná."

Màmá ò gbé ojú sókè nínú àwo wọn. "Dírẹ́bà ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí. "Kò sí nínú ohun tí a ń yọ."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí ìdíje, ọkọ̀ náà ti dé ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ku kílò méjìlá, kò sì sóhun tó tún ṣeé yọ. Ẹ́ńjìnì yí ọkọ̀ náà po títí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Búlúù tún ń ró gbùn-ùn ní etí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí Dírẹ́bà gbé Màmá lọ síbi àyẹ̀wò ojú, ó ṣí inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjèèjì. Irin gbọọrọ kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó gbé díríìlì, ó sì gbẹ́ ihò sí wọn lára, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí irin náà fi dà bí asẹ́. Ó fi páànù bò ó padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí wọ́n tún ọkọ̀ náà wọ̀n. Wọ́n ka òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wo ìwé wọn. Wọ́n tún òṣùwọ̀n kà.

"Ẹgbẹ̀rin ó lé ọgbọ̀n," ni wọ́n wí. "Kí lo yọ lánàá?"

"Kò sí, Màmá."

"Kílò méjì ò lè lọ bí èéfín."

Wọ́n dìde. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po láìyára, wọ́n ń fi ìka kan ibí kan ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, wọ́n rọra fi ọwọ́ gbá a, pó-pó. Wọ́n dúró. Wọ́n tún gbá a. "Ṣí i," ni wọ́n wí.

Ẹ́ńjìnì tú bóòtù rẹ̀. Nígbà tí páànù kúrò, ihò tó wà lára irin náà tò lọ rẹrẹẹrẹ, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì ń gba inú wọn yọ. Màmá ki ìka wọn bọ ọ̀kan.

"Irin yìí," ni wọ́n wí, "iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Ẹ́ńjìnì mọ̀ ọ́n. Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. "Tí ọkọ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ lu nǹkan, òun ni kì í jẹ́ kó wọlé bá ẹni tó jókòó."

"Ta ló máa jókòó?"

Bí Màmá bá ti pariwo ni, bí wọ́n bá ti bú u, ì bá rọrùn fún un. Wọn ò ṣe méjèèjì. Wọ́n wò ó pẹ̀lú ojú tí ìtọ́jú ṣì wà lára rẹ̀, ojú náà sì pọ́n, kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni tàbí omijé. Ojú tì í débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé.

"Mi ò ní sọ fún un," ni Màmá wí. "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Ó sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní kíṣìnnì, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́yìn tó kó àwọn ọmọ iléèwé délé. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Dírẹ́bà jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́, èkejì lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ara mi lẹ gbẹ́ ihò sí yẹn," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé torí ẹ̀rín ọkùnrin kan?"

Dírẹ́bà bọ́ bàtà kejì, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹ lọ tún un ṣe kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màá wá wò ó fúnra mi kí n tó jókòó sínú ẹ̀."

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó gé irin tí ó ti bàjẹ́ náà jù, ó wá tuntun tó dáa jù ú lọ, ó jó wọn mọ́ ọkọ̀, gbogbo ojú ibi tó jó sì gún régé bí ojú abẹ́rẹ́ télọ̀. Dírẹ́bà wá, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í, ó fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Ọkọ̀ náà wá di ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Màmá kọ ọ́ sílẹ̀. "Kílò tó dáa nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ kan Ẹ́ńjìnì léjìká. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Wọn ò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí wọ́n fi lọ, ìyẹn gan-an ni Ẹ́ńjìnì kà sí ẹ̀kọ́ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Dírẹ́bà ló rí kílò mẹ́tàlá tó kù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ti rò ó títí ó ti sú wọn, ló bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lítà epo mélòó ló wà nínú táńkì?"

"Ìdajì," ni Ẹ́ńjìnì dáhùn. "Ó tó lítà méjìlélógún. Mi ò fẹ́ kó gbẹ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

"Òkè yẹn ò ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Lítà márùn-ún á gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, á tún ṣẹ́kù."

Màmá wá gbá orí ara wọn. "Èmi!" ni wọ́n ké. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí bàálù, tó jẹ́ pé epo là ń kọ́kọ́ bèèrè! Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Dírẹ́bà sáré dì wọ́n mú, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún wọn nípa ojú náà. Wọ́n fa epo jáde. Ẹ́ńjìnì tún gbé bátìrì kúrò nímú ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, lódìkejì ibi tí Dírẹ́bà ń jókòó. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rin ó lé ogún géérégé, imú rẹ̀ sì ti fúyẹ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, èrò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kálukú ní láti gun òkè náà, èyí tó bá yá jù ni wọ́n máa kà fún un. Ní ti àkọ́kọ́, Dírẹ́bà fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé òkè. Ó dín sí ti àtijọ́, àmọ́ nígbà tó wa ọkọ̀ náà padà wá bá wọn, ó ń mi orí.

"Ó ń dúró jù," ló wí. "Tí mo bá tẹ búrẹ́kì níbi tí mo máa ń tẹ̀ ẹ́, á ti dúró kí n tó dé kọ́nà. Mo wá ń fi ẹsẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ojú fèrèsé. "Ọkọ̀ ti yàtọ̀, ìwọ ṣì ń wa ti èṣí. Gbàgbé ibi tó o máa ń tẹ búrẹ́kì. Jẹ́ kó sún mọ́ kọ́nà kó o tó bá a sọ̀rọ̀."

Nígbà tó máa gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, Ẹ́ńjìnì ò lè dúró sójú kan. Láti ibi tí wọ́n wà, kọ́nà mẹ́ta tó kẹ́yìn hàn kedere. Ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà kó tó rí i. Ó mọ ohùn yẹn, ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni, kò tíì yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń kọrin bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà yọ. Ó dé kọ́nà kẹrìnlá pẹ̀lú eré tó mú kí àwọn èrò fà sẹ́yìn, Ẹ́ńjìnì sì di ojú. Nígbà tó là á, imú ọkọ̀ náà ti yí, wẹ́lo, bí ẹja nínú odò, ó sì ti ń lọ. Kò kọ̀ fún un. Kọ́nà kẹẹ̀ẹ́dógún, kò kọ̀. Kọ́nà tó kẹ́yìn, Dírẹ́bà yíwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e bí òjìji.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mẹ́jọ.

Ọ̀gá Búlúù ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá mọ́kànlá. Obìnrin kan tó gbé ọkọ̀ wá láti ìlú mìíràn ló borí gbogbo wọn, ó fi àáyá márùn-ún yá ju Dírẹ́bà lọ, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ipò kejì ni wọ́n fún Dírẹ́bà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yọ akoto, irun rẹ̀ rin fún òógùn, ó sì ń sáré bọ̀ bí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mọ́.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Búlúù fi dé. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ́ńjìnì, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí ohun tó o gbé sínú ẹ̀." Ẹ́ńjìnì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí, ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún. "Ti èṣí mà nìyí!"

"Ti èṣí ni."

"Kí lẹ wá fi kún un?"

"A ò fi nǹkan kan kún un," ni Ẹ́ńjìnì wí. "Ẹ bi Màmá wa léèrè. Àwọn ló mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá Búlúù yíjú sí ìyá arúgbó tó jókòó lórí àga, tó wọ awò dúdú, tó gbé ìwé kékeré lé orúnkún. Ó kí wọn. Màmá dá a lóhùn, wọ́n wo ọkọ̀ búlúù náà lókèèrè, wọ́n sì bi í pé, "Kílò mélòó ni?"

Ẹ́ńjìnì rí i bí ọkùnrin náà ṣe ń họ orí. Ó lè rẹ́rìn-ín, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ kò wù ú. Ó fa àga kan wá, ó ní kí Ọ̀gá Búlúù jókòó, ó sì lọ bu omi wá fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, dókítà ní ojú Màmá ti san, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ọkọ̀ ẹlòmíì ni Ẹ́ńjìnì yá láti fi gbé wọn, nítorí tiwọn ò ní ìjókòó àlejò mọ́. Bó ṣe gbé àpótí wọn, ó dúró díẹ̀, ó gbé e sókè gbé e sódò.

"Kílò mẹ́rìnlá, Màmá?"

"Mẹ́rìndínlógún," ni Màmá wí. "Àmọ́ o ti ń sún mọ́ ọn."

Lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ọ̀rọ̀ bàálù ni, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ Dírẹ́bà nígbà tó wà lọ́mọdé, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìfọwọ́ kan búrẹ́kì. Nígbà tí wọ́n dé, Ẹ́ńjìnì gbé àpótí náà wọlé, ó gbé e síbi tí wọ́n ní kó gbé e sí, wọ́n sì ní kó jókòó kó sinmi, kò sí ohun tó ń lé e.